Fóòmù Tí A Máa Ń Gún Pínnì Mọ́

Bọ́ọ̀sì funfun ilé iṣẹ́ bísíkíìtì tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ṣì máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá ní Addo láràárọ̀. Bí mo bá ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, tí mo bá gbọ́ fèrè rẹ̀, ọwọ́ mi á dúró. Mi ò mọ dírẹ́bà tó ń wà á mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ojú àwọn ọmọbìnrin tó gbé orí ti gíláàsì tí wọ́n ń sùn. Ṣùgbọ́n mo mọ oorun yẹn. Mo mọ bí gíláàsì náà ṣe máa ń tutù létí èèyàn. Mo mọ òórùn bọ́tà àti ṣúgà tó máa ń wọ aṣọ wa, tí kì í tán bó ti wù kí a fọ aṣọ náà tó. Ọkọ mi máa ń sọ nígbà náà pé òun ò nílò kí n wọ́n lọ́fínńdà, pé ẹni tó bá gbá mi mọ́ra, ebi á kàn máa pa á ni.

Ọmọ mi obìnrin, tó ti ń lọ sí nọ́sìrì báyìí, bi mí láìpẹ́ yìí pé kí ló dé tí mo máa ń juwọ́ sí bọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni ò juwọ́ padà látinú ẹ̀. Mo ní nítorí tìrẹ ni. Kò yé e. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kó lè yé e tó bá mọ ìwé kà.

Kí n tó dé ilé iṣẹ́ yẹn, ilé oúnjẹ kan ní Lẹ́kkí Phase 1 ni mo ti ń fọ abọ́. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò sì tíì pẹ́ nílé ọkọ. Oyún dé, inú mi dùn débi pé kò sẹ́ni tí mi ò sọ fún: àwọn tí a jọ ń fọ abọ́, ìyá tó ń ta omi lẹ́nu géètì, títí kan oníbàárà tó kí mi dáadáa. Kò pẹ́, oyún náà bàjẹ́ mọ́ mi lára. Ìdúró láti àárọ̀ dalẹ́ ni èmi fọkàn sí, àti kúlà oúnjẹ tí mò ń gbé gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo ránṣẹ́ sí ọ̀gá ibẹ̀ pé ara mi ò yá, ó ní bí ara mi ò bá le, kí n jẹ́ kí ẹni tí ara rẹ̀ le wá ṣe é. Mi ò padà débẹ̀ mọ́.

Ìyá ọkọ mi ò dá kúlà lẹ́bi ní tiwọn. Ọmọ etí ọ̀sà ni wọ́n, ẹja yíyan ni wọ́n ń tà ní abúlé wọn lápá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í pọ̀. Ẹnu mi ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní mo ru oyún mi kiri bí ẹni ń kiri ọjà. Wọ́n ní ikùn ló yẹ kó fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu.

Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì yẹn jìnnà. Bọ́ọ̀sì á rìn títí, èèyàn á sùn, á jí, á tún sùn kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń bi èèyàn pé ṣé ó jẹun kó tó wá. Láàárọ̀, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa á tò sí àgbàlá, a ó na apá, a ó na ẹsẹ̀, a ó yí ọrùn, bí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwọn ọkùnrin tó ń ru àpò fúláwà ló máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ jù, àwọn náà ló sì máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yìn àwọn ò dun àwọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n fún wa ní bàtà tó le níwájú, fóòmù kéékèèké tí a fi ń dí etí nítorí ariwo, àti nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń bo irun. Àwa tí a wà nídìí ààrò ńlá tó ń yan bísíkíìtì, wọ́n máa ń po omi pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà fún wa nínú jọ́ọ̀gì, kí òógùn má baà gbẹ wá. Kò dùn. Títí dòní, bí ooru bá mú mi nínú ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń po díẹ̀ mu.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ máa ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì, bàtà yẹn ni ọ̀tá rẹ̀. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, àwọn tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti mọ ilẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń tì í mọ́lé. Ó máa ń ríran pẹ̀lú. Ó ríran sí sùpáfáísọ̀ wa lọ́jọ́ kan pé yóò kọ́lé, ọkùnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ìran yẹn ló wá ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí oyún kejì dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ojú rẹ̀. Bí a bá ti wọ bọ́ọ̀sì, màá dijú bí ẹni tó ti sùn lọ, kí ẹ̀mí má lọ ta á lólobó.

Èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi gbọ́, wọ́n bọ́ pínnì kan lára ìró wọn, wọ́n gún un mọ́ etí ṣímí mi lábẹ́ aṣọ, níbi tí ojú ò lè tó. Gbogbo wa la mọ pínnì aboyún. Ohun tó ń rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan pọ̀, pínnì ni kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé tọ ọmọ lọ. Mi ò mọ̀ bóyá mo gbà á gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà àkọ́kọ́, mi ò lo pínnì, ọmọ sì lọ. Ta ló fẹ́ dán irú ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì?

Irin ò sì gbọ́dọ̀ wọ ibi iṣẹ́ wa. Òfin tó le jù níbẹ̀ nìyẹn. Yẹtí, aago, òrùka ìgbéyàwó pàápàá, ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ gbogbo rẹ̀ sínú àpótí. Ọmọbìnrin sikiọ́ríìtì tó ń yẹ àwọn obìnrin wò ní ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tó máa ń ké bó bá sún mọ́ irin. Lákòókò tí mò ń sọ yìí, bátìrì ọ̀pá náà ti kú, ọwọ́ lásán ló fi ń tẹ̀ wá lára, ọwọ́ ò sì mọ pínnì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wọlé. Mò ń fa páànù bísíkíìtì gbígbóná jáde láti ẹnu ààrò, oyún ń bẹ nínú mi, pínnì ń bẹ lára mi, ẹ̀rù méjèèjì ń bà mí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti fi bátìrì tuntun sí i. Ọ̀pá náà ké. Ọmọbìnrin náà ní kí n wo àpò mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún nà án sí ìbàdí mi, ó tún ké. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń kùn pé ẹ̀rọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní bóyá ṣíbí ọbẹ̀ ni mo jí gbé bọ̀ láti ilé, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bò mí. Ọmọbìnrin náà wo ojú mi, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó kàn dì mí lọ́wọ́ mú lọ sí kílíníìkì.

Kílíníìkì wa ò ju yàrá kan lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń jẹun: bẹ́ẹ̀dì kan, òṣùwọ̀n kan, kọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan, àti nọ́ọ̀sì wa. Ìyàwó pásítọ̀ ni wọ́n. Wọ́n sanra díẹ̀, ohùn wọn wúwo, a sì ń bẹ̀rù wọn nítorí pé wọn kì í gba "orí ń fọ́ mi" lásán. Wọ́n á bi ọ́ ní ohun tí o jẹ, ìgbà tí o sùn, àti ẹni tó bà ọ́ nínú jẹ́. Wọ́n ní kí n yọ ohun tó ń ké. Mo yíjú sí ògiri, mo tú pínnì náà, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n wò ó. Wọ́n wò mí. Wọn ò bi mí bóyá mo lóyún.

"Oṣù mélòó?"

Ẹkún ni mo fi dá wọn lóhùn. Mo sọ ti ilé oúnjẹ Phase 1 fún wọn, mo sọ ti kúlà, mo sọ ti èyí tó lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí wọ́n lé mi, nítorí pé wọ́n ṣì ń dán mi wò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá pínnì mi padà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló bí wọn nínú.

"Èmi ò gba pínnì gbọ́," wọ́n ní. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù ni mo gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká tiẹ̀ sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá já bọ́ sínú bísíkíìtì ńkọ́? Ò ń ṣọ́ ọmọ tìrẹ. Ta ló ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Mi ò ro ibẹ̀ yẹn rí. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí bísíkíìtì wa lọ́wọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò wa, wọ́n á ti kọ́kọ́ lá ṣúgà orí rẹ̀ kí wọ́n tó gé e jẹ. Nọ́ọ̀sì náà ń yí pínnì náà láàárín ìka wọn. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí pé ìgbà wo gan-an ni pínnì wà fún. Mo ní oòrùn ọ̀sán ni. Wọ́n ní ṣé oòrùn wà nínú ilé iṣẹ́ yìí? Mo ní kò sí. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe ìdájí ni bọ́ọ̀sì ń gbé mi? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa. Ibí ni yóò ti máa dúró dè ọ́. Tó o bá ń jáde sóòrùn, o ó wá mú un."

Bẹ́ẹ̀dì kílíníìkì ti ya létí kan. Wọ́n gé fóòmù bí àtẹ́lẹwọ́ méjì lára rẹ̀, wọ́n fi okùn so ó kọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnì, wọ́n gún pínnì mi mọ́ ọn. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n padà ń sọ títí a fi mọ̀ ọ́n sórí: pínnì kì í dá wá. Bí pínnì bá wá láàárọ̀, apá náà gbọ́dọ̀ wá, kí wọ́n lè wo bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń ru.

Ọ̀rọ̀ ìdí ààrò ló kù. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣàdédé mú mi kúrò nídìí iná lọ sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń to bísíkíìtì sí páálí, bíréèkì kan ò ní kọjá lórí rẹ̀ kí gbogbo ilé iṣẹ́ tó mọ ìdí rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n máa lọ mu omi oníyọ̀ mi.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lẹ́yìn tí a ti na apá na ẹsẹ̀ tán, sùpáfáísọ̀ kéde pé àwọn ọkùnrin ni yóò máa fa páànù láti ọjọ́ náà lọ. Gbogbo àwa obìnrin á lọ sídìí páálí, àga á sì wà níbẹ̀: ẹni tó bá dúró títí di bíréèkì, á jókòó lẹ́yìn bíréèkì. Àwọn ọkùnrin kùn. Wọ́n ní kí làwọn ṣe. Sùpáfáísọ̀ ní kí wọ́n lọ bi nọ́ọ̀sì, pé nọ́ọ̀sì ló ti bá ọ̀gá pátápátá sọ ọ́ parí. Kò sẹ́ni tó lọ bi wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí àga tuntun náà, ó na ẹsẹ̀, ó ní òun ti rí àga yìí lójú ìran. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nítorí pínnì kan ni gbogbo wa ṣe rí àga jókòó.

Kò pẹ́ tí mo fi rí pínnì mìíràn lára fóòmù náà. Bóyá ọmọbìnrin sikiọ́ríìtì ló ń júwe ọ̀nà fún wọn, mi ò bèèrè. Òmíràn tún dé, tó ti ń dípẹtà, tó jọ pé ara ìyá àgbà kan ni wọ́n ti bọ́ ọ. A kì í bi ara wa. Bí mo bá pàdé ẹnì kan lẹ́nu kọ́tìnì, yóò sáré sọ pé orí ló ń fọ́ òun, èmi náà á ní orí ló ń fọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ò ní gbé ojú kúrò lára ohun tí wọ́n ń ṣe.

"Orí tó ń fọ́ ẹ̀yin méjèèjì yìí," wọ́n á ní, "oṣù kẹsàn-án ló máa sàn."

Mo fẹ́ràn àárọ̀ wọ̀nyẹn. Èmi tí mo ti rò pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn, mo wá ń jókòó láàárọ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹ̀rọ ń hó níta, ẹnì kan di apá mi mú, ó ń gbọ́ mi.

Nígbà tó yá, ikùn mi sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, bí ìyá ọkọ mi ṣe fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ti rí i tipẹ́, láti ìgbà tí mo ti ń fi oorun irọ́ tan òun jẹ nínú bọ́ọ̀sì, pé òun kàn pa ẹnu mọ́ ni. Mo bi í pé ṣé ẹ̀mí ló sọ fún un ni, àbí èébì tí mò ń bì. Ó ní ẹ̀mí lè gba inú èébì sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé, oòrùn mú ganrínganrín. Láàárọ̀, nígbà tí mo gún pínnì mọ́ fóòmù, nọ́ọ̀sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ga díẹ̀, wọ́n ní kí n padà wá ní bíréèkì. Kí bíréèkì tó tó, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, orí sì ń fọ́ mi, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi tó kórìíra bàtà ló wo ẹsẹ̀ mi, tó rí i bó ṣe wú lẹ́nu bàtà. Kò ríran kankan lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Dìde," ó fi apá gbá mi mú, ó tì mí dé kílíníìkì.

Nọ́ọ̀sì wo apá ọ̀tún. Wọ́n wo apá òsì. Ojú wọn ni mò ń wò, mo sì rí i tó yí padà, ojú tí kì í yí. Wọ́n ní kí dírẹ́bà ọ̀gá pátápátá wa ọkọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà kíá. Mo bi wọ́n pé ṣé ọmọ ti ń lọ ni. Wọ́n ní kí n má bi àwọn ní ìbéèrè tí àwọn ò ní dáhùn.

Wọ́n gbé mi wọ ọkọ̀, nọ́ọ̀sì jókòó tì mí. Ọkọ̀ ti ń lọ, géètì ti ṣí, nígbà tí wọ́n ní kí dírẹ́bà dúró. Wọ́n bọ́ sílẹ̀. Obìnrin tó sanra yẹn, tó ń pariwo mọ́ wa lójoojúmọ́ pé a kì í sáré nínú ọgbà ilé iṣẹ́, wọ́n sáré. Dírẹ́bà ń wò wọ́n nínú dígí, ó ní bóyá oògùn ni wọ́n gbàgbé. Èmi náà rò pé oògùn ni. Wọ́n padà dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́. Pínnì mi ni.

"Ọ̀sán ti pọ́n," wọ́n ní.

Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gún un mọ́ etí aṣọ mi, síta gbangba, kì í ṣe lábẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lórúkọ Jésù, wọn ò sì dákẹ́ títí a fi dé ọsibítù ní Ajah.

Ilé iṣẹ́ ti forúkọ gbogbo wa sílẹ̀ ní ọsibítù náà, wọn ò sì dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, pé bí a bá dúró kí ọmọ tó oṣù, àti ìyá àti ọmọ lè lọ. Nọ́ọ̀sì wa ò kúrò níbẹ̀ títí ọkọ mi fi dé. Nígbà tí mo la ojú, nọ́ọ̀sì náà ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àga. Wọ́n ní obìnrin ni, pé ó kéré bí ẹyẹlé, pé wọ́n ti gbé e sínú àpótí gíláàsì tó ń móoru. Mo bi wọ́n bóyá ó ké. Wọ́n ní ó ké, pé ohùn rẹ̀ ò ju ti ológbò lọ, ṣùgbọ́n ó ké.

Ìyá ọkọ mi ní pínnì ni. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn ti gbààwẹ̀ nítorí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn. Nọ́ọ̀sì ní Jésù ni. Dókítà ní nítorí pé wọ́n tètè gbé mi wá ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jiyàn. Ẹni tó wà nínú àpótí gíláàsì ń mu omi ọmú tí mo fún sínú ife, ìyẹn tó mi.

Ara ọmọ náà ò le ní ọdún àkọ́kọ́, mi ò lè máa fi í sílẹ̀ ní ìdájí kí n lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ìdí tí mo fi wá ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ọjọ́ tí mo lọ dágbére, mo pọ̀n ọ́n lọ. Wọ́n gbà á lẹ́yìn mi, ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, àwọn ọkùnrin ìdí ààrò ní òun ló ní kí àwọn máa fa páànù. Wọ́n ti gbọ́ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀rẹ́ mi fi òróró sí i níwájú orí, ó sì ríran sí i pé yóò wọkọ̀ òfuurufú.

Mo gbà á padà, mo tún pọ̀n ọ́n, mo wọ kílíníìkì. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé ṣì wà níbẹ̀, fóòmù wà lẹ́yìn rẹ̀, pínnì wà lára rẹ̀, ti àwọn tí mi ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì ń ka oògùn sínú ọ̀rá fún ẹnì kan. Mo yọ pínnì mi lára aṣọ, mo gún un mọ́ ààyè rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wo pínnì, wọ́n wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi.

"Òmíràn kẹ̀? Èyí ò tíì mọ̀ ọ́n rá."

"Rárá o, mà," mo ní. "Mo kàn fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni."

Wọ́n dé oògùn wọn, wọ́n fa àga sún mọ́ mi, wọ́n na ọwọ́.

"Mú apá wá," wọ́n ní. "Pínnì kì í dá wá."